Ẹ Fi Ìbọn Bàbá Wa Sílẹ̀ Bó Ṣe Wà

Ẹ̀gbọ́n mi Noreen,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Florida, ẹ̀yin àti ọkọ yín? Ara Darlene ìyàwó mi ti yá, orúnkún rẹ̀ nìkan ló kù. Koríko wà, àmọ́ àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ ti gbẹ́ ihò kún pápá. Màlúù kan ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀kan, ẹsẹ̀ náà sì kán.

Ẹ̀gbọ́n mi, inú ń bí mi. Alágbẹ̀dẹ ìbọn pè mí lánàá: "Verlin, ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ kí n yọ ọ̀pá ìbọn Swift bàbá yín, kí n fi ọ̀pá tó ń lo ọta mìíràn síbẹ̀?" Trent, ọkọ ọmọ mi, ló gbé e lọ síbẹ̀ láìsọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ fowó iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí i, ẹ ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí mi ni. Mo lọ gbé ìbọn mi kó tó fọwọ́ kàn án.

Trent ní, "Bàbá, ọta Swift ti yára jù, ó ti jẹ ọ̀pá yẹn tán." Irọ́ ni. Kí ẹran tó gbọ́ ìró ọta yẹn, ó ti bà á. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ nìyẹn. Trent ló ń yìn ín sí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ léraléra bí ẹni ń yan gúgúrú, títí irin fi gbóná tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Bàbá wa kì í yìn ju márùn-ún lọ, á gbé e síbi ibòòji ọkọ̀, á mu kọfí títí irin á fi tutù. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń bu kọfí náà. Mo nu ìbọn yẹn mọ́ láàárọ̀ yìí, mo yìn ín bíi ti bàbá, kò tàsé.

Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà. Ẹ gba owó yín lọ́wọ́ Trent, kẹ́ ẹ fi ra fúláàsì kọfí fún un. Títí ó fi máa mọ̀ ọ́n mu, kó má fọwọ́ kan ìbọn mi.

Àbúrò yín,
Verlin