Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kò Gbọdọ̀ Pè: Ìtàn Ìgbésí Ayé Alhaji Sàídì Onígbàǹjo

Agbo ilé Onígbàǹjo ní Bẹ́yẹrunkà, nílùú Ìbàdàn, ni wọ́n ti bí Alhaji Sàídì, ibẹ̀ náà ni a sì sin wọ́n sí ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ọdún 1936 ni wọ́n bí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wa jà nítorí ọdún yìí. A mọ̀ pé pátákó tí ẹgbẹ́ àwọn aránfìlà gbé sí ẹnu ọ̀nà sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Bàbá, bẹ́ẹ̀ ìwé àdúà ọjọ́ kẹjọ tó wà lọ́wọ́ yín yìí ń sọ pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Kì í ṣe pé àwa ọmọ ń bù kún ọjọ́ orí òkú wa. Àlàyé wà níbẹ̀, òun gan-an sì ni ohun tí Bàbá ní kí á kọ bí àwọn bá ti lọ.

Àlímì ni bàbá tó bí wọn, oníṣòwò obì tó ń ná ọjà Kùmásí ní ilẹ̀ Gánà. Ó lọ sí Kùmásí nígbà tí oyún Bàbá wà nínú, kò padà wá mọ́, ìròyìn rẹ̀ náà kò sì dé. Ìyá wọn palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó padà sí agbo ilé Onígbàǹjo tó jẹ́ ilé bàbá tirẹ̀, ibẹ̀ ló bímọ sí. Kí ọmọ náà tó lè dá ṣòkòtò wọ̀, ibà pa ìyá.

Àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n tọ́ Bàbá dàgbà. Wọn kò jìyà o, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí a máa sọ ìtàn ìyá wọn fún wọn: bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń ta aró ní Ọjà'ba, bí eyín rẹ̀ ṣe funfun tó. Eyínfúnjowó ni wọ́n ń pè é. Bàbá gbà pé orúkọ ìyá wọn nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá wọn lọ́kùnrin tí wọn ì bá sọ òmíràn, "ìyá rẹ" ni wọ́n máa ń wí. Ta ni yóò jókòó ti ọmọ kékeré kó máa pe orúkọ òkú ìyá rẹ̀ sí i létí?

Ilé kéwú tó wà lẹ́bàá Ọjà'ba ni Bàbá lọ, wọ́n sì ka Àlùkùránì parí. Wọ́n ya ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba díẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ní àga ibẹ̀ le jù. Iṣẹ́ fìlà ni wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìdí Arẹrẹ. Ní ọdún 1958 wọ́n ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, wọ́n sì gba ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀ Màpó, níbi tí wọ́n wà títí ojú wọn kò fi rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹni tó bá mọ Bàbá mọ̀ pé wọn kì í ta fìlà fún ẹni tí fìlà náà kò bá bá lórí mu. "Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, ó ń sáré lórí yín." Owó yín kò kàn wọ́n. Orí tí wọ́n bá sì ti fi okùn wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í gbàgbé rẹ̀. Lọ́yà kan padà wá lẹ́yìn ọdún pípẹ́, ikùn ti yọ, ó ní kí wọ́n tún òun wọ̀n. Bàbá ní, "Ẹ ti sanra lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí yín kò gbọ́ nípa rẹ̀."

Ní ọdún 1965 wọ́n gbé Muslimat, ọmọ Bẹẹrẹ, níyàwó. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1978 Bàbá lọ sí Mẹ́kà. Kí wọ́n tó lè gba ìwé ìrìnnà, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé ọjọ́ ìbí wá, wọn kò ní. Wọ́n bá lọ sí kóòtù, wọ́n búra pé ọdún 1940 ni wọ́n bí àwọn. Ta ló sọ ọ́ fún wọn? Kò sí. Ojú lásán ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe okùn tí wọ́n fi ń wọn orí. Ọdún 1940 yẹn ni pátákó ẹnu ọ̀nà ń tẹ̀ lé.

Ní ọdún 2015, ọ̀rẹ́ Bàbá kan kú ní Ìdí Arẹrẹ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ti tẹ́ òkú sínú sàréè, Àáfà yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò pe olóògbé ní orúkọ pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀, yóò sì rán an létí ohun tí yóò fi dá àwọn mọlàíkà lóhùn. A mọ̀ pé àwọn mìíràn kì í ṣe é, ti wa ni a ń sọ. Ẹni tí a kò bá mọ orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ Háwáù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé Háwáù ni ìyá gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán lọ́jọ́ náà, Àáfà Zakariyya, tó ń bójú tó ìsìnkú agbo ilé wa, bi Bàbá pé ọmọ ta ni a ó pè wọ́n bí ọjọ́ tiwọn bá dé. Bàbá ní ọmọ Eyínfúnjowó.

Àáfà rẹ́rìn-ín. "Alhaji, ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Àwọn ìyàwó ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i?"

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ àṣà yìí. Ìyàwó kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan orúkọ ẹni tó ti wà nílé ọkọ kó tó wọlé, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Yóò wá orúkọ àpọ́nlé fún kálukú: Òpéléńgé, Ìdílẹ̀kẹ̀, Eyínfúnjowó. Bàbá mọ̀ ọ́n dáadáa, kò kàn wá sí wọn lọ́kàn rí pé ẹnu ìyàwó nìkan ni àwọn ti ń gbọ́ nípa ìyá àwọn láti kékeré. Àáfà rí i pé ojú wọn yí padà, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó dùn wọ́n, pé ọmọ Háwáù kò burú. Bàbá dáhùn pé, "Háwáù, ìyá gbogbo ayé ni. Èmi ní ìyá tèmi." Wọn kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni Bàbá àti Hikmat, ọmọ Abdulmumin tó jẹ́ àkọ́bí wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí. Wọ́n rí ìwé ìkànìyàn kan láti ìgbà òyìnbó, agbo ilé wa sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ àwọn ọkùnrin ti lọ sóko lọ́jọ́ tí akànìyàn dé, àwọn ìyàwó ló dá a lóhùn. Ẹ wá wo orúkọ! Òpéléńgé, Ìdílẹ̀kẹ̀, Awẹ́lẹ́wà, Eyínfúnjowó. Gbogbo ọmọ ilé pé síbẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan tí wọ́n pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n wá ìwé ikú, wọ́n rí ti ìyá náà: Eyínfúnjowó, obìnrin, ibà. Ìyàwó ilé ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó mú ìròyìn wá. Hikmat fẹ́ sunkún. Bàbá ní kó pa ìwé náà dé, kí àwọn lọ jẹun.

Nídìí oúnjẹ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti yé Bàbá. Wọ́n ní, "Ìyàwó ni gbogbo ẹni tó bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbà á ni kí á wá." Ìyálé àgbà ìgbà náà ti wọlé kí wọ́n tó bí ìyá wọn, kò sí èèwọ̀ fún un láti pe ọmọ tí wọ́n bí lójú rẹ̀. Òun náà ló sì máa ń lọ sọ fún akọ̀wé bí wọ́n bá bímọ nílé. Nítorí náà, ìwé ìbí Bàbá fúnra wọn ló yẹ kí wọ́n wá. Wọ́n wá ọdún 1940, wọ́n wá ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí nǹkan kan.

Wọ́n bá tọ Màmá Sẹ̀gilọlá lọ, ìyàwó tó dàgbà jù lágbo ilé, tó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọmọge ni nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, ó sì bá ìyá Bàbá láyé. Màmá ní òun mọ orúkọ náà. "Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ tèmi. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n la ẹnu mi kí n pe ọmọ ọkọ mi lórúkọ ni? Bí mo bá dé ọ̀run tó bi mí ńkọ́?" Abdulmumin bínú, ó ní ayé ti lajú. Màmá ní, "Ayé lajú, ẹnu mi kò lajú." Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n dọ̀bálẹ̀, ó kọ̀. Àwa ọmọ bínú sí i nígbà náà, a kò ní parọ́. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé nígbà tí òun wọlé, òun bá ìyá náà tó ń pọn Bàbá, pé ìgbà tí wọ́n ń pè ní 1940 yẹn, Bàbá ti ń lé ewúrẹ́ káàkiri agbo ilé.

Hikmat padà lọ, ó ń ṣí ìwé náà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Sàídì méjì ló bá nínú agbo ilé Onígbàǹjo, ìyálé àgbà ló sọ̀rọ̀ nípa àwọn méjèèjì. Èyí tí wọ́n bí ní 1936, Kúbúrá ni ìyá rẹ̀. Ti 1938, Ráfátù ni ìyá rẹ̀. A gbọ́ pé Sàídì kan kú ní kékeré nílé wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ èwo ni. Bàbá kò fẹ́ kí wọ́n fi ìyá ẹlòmíràn pe àwọn nínú sàréè.

Wọ́n tún padà sọ́dọ̀ Màmá Sẹ̀gilọlá ní ọdún 2019. Ó jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Bàbá jókòó níwájú rẹ̀, wọ́n ní, "A kò ní kí ẹ sọ nǹkan kan. Àwa la ó pè é, ẹ sáà máa gbọ́." Wọ́n pe Ráfátù. Màmá ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Wọ́n pe Kúbúrá. Ọwọ́ Màmá dúró. Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ pé ènìyàn méjì ló ń gbé e dìde láti lọ wẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀."

Bàbá bú sẹ́kún. A kò rí ẹkún wọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa. Gbogbo wa ni a sunkún lọ́jọ́ náà, inú wa sì dùn.

Màmá kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò pe orúkọ náà títí ó fi lọ. Ní ti Bàbá, wọn kò dákẹ́. Ẹni tó bá wá ran fìlà yóò gbọ́ pé Sàídì ọmọ Kúbúrá ni wọ́n. Ọdún mẹ́rin tó lé sí ọjọ́ orí wọn náà, wọ́n lò ó. Tíṣà Olúyẹmí ti Òkè Padre, ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà èwe, ti ń pè wọ́n ní àbúrò láti àádọ́ta ọdún ó lé. Bàbá gun ọ̀kadà lọ sílé rẹ̀, wọ́n ní àwọn ni ẹ̀gbọ́n báyìí, àwọn wá gba ìdọ̀bálẹ̀ àwọn. Tíṣà ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé ni aya wọn, Alhaja Muslimat, àwọn ọmọ wọn, Abdulmumin, Fọláyẹmí àti Basit, àwọn ọmọ-ọmọ, tí Hikmat jẹ́ àgbà wọn, ọmọ-ọmọ-ọmọ, àti gbogbo àwọn tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ fìlà, tí wọ́n wà káàkiri Ọjà'ba títí dé Ìdí Arẹrẹ.

Ó ku ohun kan tí ẹ̀yin tí ẹ wà níbi ìsìnkú rí, tí ẹ sì ti ń bi wá. Àáfà Zakariyya ti rìnrìn àjò, Àáfà mìíràn tí kò mọ̀ wá ló wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó béèrè orúkọ ìyá olóògbé. Ẹnì kan nínú àwọn àgbà kígbe pé Eyínfúnjowó. Àáfà mi orí, ó ní òun yóò lo Háwáù. Abdulmumin àti Basit wà nínú sàréè, wọ́n gbé bàbá wọn dání, ẹkún ni wọ́n ń sun, wọn kò gbọ́ ìbéèrè náà. Àwọn ìyàwó ilé dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn mọ orúkọ náà, kò sí ẹni tó lè la ẹnu. Alhaja Muslimat, tó bá Bàbá gbé láti 1965, ki ìborùn bọ ẹnu. Ṣé kó wá pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ ni? Àáfà ti la ẹnu kí Hikmat tó figbe ta láàárín wọn: "Kúbúrá ni! Sàídì ọmọ Kúbúrá ni kí ẹ pè wọ́n!" Àáfà tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìyàwó ilé kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí.

Bàbá wa, Sàídì ọmọ Kúbúrá, ìyá yín ni wọ́n fi pè yín, kì í ṣe ìyá gbogbo ayé. Ẹ dá àwọn mọlàíkà lóhùn láìbẹ̀rù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ bá ìyá yín níbẹ̀, kí ẹ sì sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmín.