Bàbá Ń Wẹ̀, Èmi Ń Ṣọ́ Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Iṣẹ́ ti dé. Oṣù márùn-ún tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ayé mi ṣe — ó ti yanjú. Ẹ̀ṣọ́ balùwẹ̀ ni mí.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Bàbá àgbà yọ̀ ṣubú nínú báàfù loṣù tó kọjá. Egungun kankan ò kán, ìbàdí ló wú. Ni màámi (Ọ̀gágun lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé yìí, kò gbọdọ̀ rí i) bá yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó sì ṣòfin. Bí Bàbá bá ti ń wẹ̀, kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kí Bàbá máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Tí wọ́n bá dákẹ́, kí n já wọlé.

Ó ní tí Bàbá ò bá lè wẹ̀ fúnra wọn mọ́, ilé àwọn arúgbó ni. Fọ́ọ̀mù ti wà nínú báàgì òun. Òun ò lè wà níbi iṣẹ́ kóun máa rò pé bóyá wọ́n ti wà nílẹ̀.

Bàbá ní, "Ṣebí ilé ìfọṣọ lo ti ń ṣiṣẹ́. Kúkú fọ̀ mí, kí o sá mi sórí okùn."

Ọ̀gágun ò rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ̀bi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè sọ̀rọ̀ tó báyìí nínú omi. Bàbá ló ṣọ́ ilé ìwẹ̀ ìjọba fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọn á fún ẹ ní ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn á lu agogo — bọ́ síta, ẹlòmíì fẹ́ wọlé. Gbogbo ìwé tó bá sọ̀rọ̀ ìwẹ̀ ni wọ́n ti kà nídìí tábìlì wọn lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀.

Lónìí: àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́. Òróró ni wọ́n ń fi para, wọ́n á wá fi irin tó tẹ̀ bíi dòjé họ ọ́ kúrò tòun ti ìdọ̀tí. Yàrá gbígbóná, yàrá lílọ́ wọ́ọ́wọ́, yàrá tútù. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń lọ, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ máa ṣòfófó.

Mo ní, "Bíi tiyín náà ni, Bàbá."

Wọ́n ní, "Ìyá Oorun, dákẹ́ kí o gbọ́n."

Ìyá Oorun ni mí, torí mo máa ń sùn dé aago mẹ́wàá. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Òjò. Mo kórìíra gbogbo èèyàn, àmọ́ níwọ̀nba.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Ìgbà kan wà, Bàbá ní, táwọn ọlọ́lá òkè òkun ń bẹ̀rù omi. Wọ́n gbà pé omi gbígbóná ń ṣí awọ ara sílẹ̀ kí àìsàn lè ráyè wọlé. Nítorí náà, ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pààrọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, lọ́fínńdà bàràbàrà, ó parí. Mo ní àwọn yẹn ì bá dùn ún bá gbé. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Mo ti fẹ́ dìde kí wọ́n tó ní, "Ẹ̀rù kì í ṣe nǹkan ẹ̀rín."

Báwo lọ̀rọ̀ ṣe wá dà báyìí?

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹta

Ọ̀gágun ní èmi ni mò ń jẹ ọṣẹ. Ọṣẹ mi ti fẹ́ tán. Àmọ́ ti Bàbá, tá a jọ tú nínú bébà lọ́jọ́ kan náà — lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ ṣì yọ kedere. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Ọjọ́ mẹ́fà.

Pọ́dà tí Bàbá ń fi para, ìyẹn sì ti fẹ́ tán nínú agolo.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Mo ti rí i.

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn ìdílé tó máa ń wẹ̀ nínú báàfù onígi kan ṣoṣo, omi kan náà, bàbá lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ ọwọ́ ló ń wẹ̀ kẹ́yìn nínú ẹrẹ̀. Omi ń dún ṣùwà, ṣùwà. Mo rọra ti ilẹ̀kùn.

Bàbá jókòó lórí ìdérí àga ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Fìlà lórí! Wọ́n ti ọwọ́ kan bọ garawa, wọ́n ń rú omi, wọ́n gbójú sókè, ìtàn ń lọ.

A wo ara wa.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti ṣan orí?"

Wọ́n ní, "Pa ilẹ̀kùn dé, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Nígbà tí mo máa wo ojú wọn, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n jẹ́wọ́ pé aṣọ tútù làwọn fi ń nura láti ọjọ́ táwọn ti ṣubú. Ẹsẹ̀ ò dùn wọ́n. Tí wọ́n bá ti fẹ́ gbé e kọjá etí báàfù, ara wọn á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èèyàn tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kìlọ̀ fáyé pé kí wọ́n rọra tẹ ilẹ̀.

Wọ́n ní kí n má sọ fún Ọ̀gágun. Ní ilé arúgbó yẹn, àjèjì ni yóò máa wẹ àwọn bí ìkòkò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

A ti ṣàdéhùn: èmi ò ní sọ, Bàbá á sì tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ wọ báàfù. Tí Ọ̀gágun bá ti jáde, a bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ lórí bíríkì méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bàbá á di tábìlì mú, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kọjá, wọ́n á gbé e padà. Tí ìyẹn bá ti mọ́ wọn lára, a ó gbé bíríkì lé bíríkì títí yóò fi ga tó báàfù. Lẹ́yìn ìyẹn, dídìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan, ìgbà mẹ́wàá.

Mo ka ìgbà méje. Bàbá ní mẹ́wàá ni. Wọ́n ń rẹ́ mi jẹ, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin!

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Bàbá ní tí mo bá mọ̀ ọ́n kà, kí n mọ̀ ọ́n ṣe. Mo dìde lórí àga ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹsẹ̀ mi di ògì. Wọ́n ń wò mí tàánútàánú. "Ìyá Oorun, ṣé kí n pe dókítà?"

Aago méje ni mo jí o. Kò sẹ́ni tó jí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

Bíríkì mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan. A rìn dé orí afárá, a padà. Bàbá kí gbogbo èèyàn. Ojú tì mí, mo rìn lẹ́yìn bíi pé n kò mọ̀ wọ́n rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Bíríkì mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá jókòó, wọn ò sọ ìtàn kankan. Ó ga tó báàfù báyìí, wọ́n sì mọ̀.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹta

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ọ̀gágun ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ìbínú. Ó bá abọ́ tí mi ò tíì fọ̀. Ó ní mo ti ya ọ̀lẹ, ó ní kí n wo Bàbá, arúgbó, wọ́n ń wẹ̀ fúnra wọn lójoojúmọ́, èmi ò lè fọ abọ́ méjì. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tí mò ń jí ní aago méje, kò rí i. Inú bí mi. Mo ní, "Wọn ò wẹ̀! Láti oṣù tó kọjá, wọn ò tíì wẹ̀!"

Mo yíjú padà.

Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Wọn ò bínú. Wọ́n pè mí, orúkọ mi gan-an tí bàbá mi sọ mí. Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n sì wọlé.

Fọ́ọ̀mù ti kúrò nínú báàgì. Orí tábìlì ló wà.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Òmùgọ̀ ni mí. Òmùgọ̀, òmùgọ̀, òmùgọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Mo to bíríkì mẹ́rin fúnra mi, mo jókòó tì í. Bàbá wá ní aago mẹ́jọ, wọ́n di tábìlì mú. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ fún Ọ̀gágun pé lọ́jọ́ Àìkú, kó wá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀. Táwọn ò bá lè ṣe é, àwọn á fọwọ́ ara àwọn kọ orúkọ sí fọ́ọ̀mù yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta

Ọ̀gágun jókòó lórí àga mi. Mo dúró ti ògiri. Bàbá wọlé pẹ̀lú aṣọ ìnura, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Kò sí ìtàn. Ọ̀gágun ní, "Bàbá, ẹ máa sọ̀rọ̀ o!" Kò sí èsì. Ó dìde. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mi ò mọ ìdí tí mo fi dì í mú. Ó wò mí bíi pé ó fẹ́ gbá mi lẹ́ṣẹ̀ẹ́, a sì dúró bẹ́ẹ̀.

Omi dún. Kì í ṣe ṣùwà inú garawa. Omi tí èèyàn jókòó sínú ẹ̀ ni, tó ń kún sókè.

"Ẹ̀yin méjèèjì," Bàbá pariwo láti inú, "ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń jẹ́ kí èèyàn wẹ̀ ni?"

Ọ̀gágun jókòó pọ̀tọ̀. Ó bo ojú.

Nígbà tó yá, Bàbá tún pè. Òun ni wọ́n pè, kì í ṣe èmi. Wọ́n ní kó wọlé wá bá àwọn fọ ẹ̀yìn. Wọ́n ní ẹ̀yìn nìkan o, ọwọ́ àwọn ò dé ibẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Ìyókù, àwọn á ṣe é fúnra àwọn.

Ó wọlé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo gbọ́ tí Bàbá ní kó rọra, ara èèyàn kọ́ ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura tó ń fọ̀ níbi iṣẹ́. Mo gbọ́ tí màámi rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, gbogbo ọjọ́ Àìkú lòun á máa wá fọ ẹ̀yìn.

Ó jáde, apá aṣọ ẹ̀ tutù dé ìgúnpá, ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní ọṣẹ ló kó sóun lójú.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ọṣẹ yẹn máa ń ta gan-an ni.