Ààtàn Tí Mo Yà Sọ́tọ̀ Fún Àwọn Aràn

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́? Ara wa le níbí, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì o.

Páálí aràn tí o fi rán awakọ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n fi wọ́n síbi tó tutù, mo sì gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, torí kò sí yàrá tó tutù tó èyí tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé wọ́n ti kọ ọjọ́ ikú wọn sára páálí. Ta ló ń sọ irú ìyẹn fún ẹ̀dá abẹ̀mí? Mi ò kà á sókè létí wọn.

Mo pò wọ́n mọ́ omi nírọ̀lẹ́, mo wọ́n wọn sórí ìgbẹ́ àwọn adìẹ wa bí o ṣe wí, pé wọ́n á wọnú ìdin lọ, wọ́n á sì pa á kó tó di eṣinṣin. O ti ní wọ́n kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, síbẹ̀ mo wò títí, mi ò rí ẹyọ kan. Mo fi fóònù yà wọ́n, ìgbẹ́ nìkan ló jáde. Mo gbé e lọ han ayàwòrán, ó ní fọ́tò náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ni. Ìyá rẹ ní wọ́n ti lù ọ́ ní jìbìtì, pé omi lásán ni mo ń wọ́n kiri. Ṣùgbọ́n eṣinṣin bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lóòótọ́.

Mo mọ ìdí tí o fi fi wọ́n ránṣẹ́. Ọjọ́ tí o mú ọmọkùnrin tí o fẹ́ fẹ́ yẹn wá kí wa, eṣinṣin já sínú ife omi rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò séwu, àmọ́ kò mu omi náà. Látìgbà yẹn o ò mú un wá mọ́, ìwọ fúnra rẹ náà ò sì wá. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ìdin ti tán, kí làwọn aràn á wá máa jẹ? Láyé mi, mi ò sin ẹran kan rí kí n febi pa á, áḿbọ̀sì èyí tó bá mi ṣiṣẹ́. Mo bá ya ààtàn kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé, mi ò wọ́n nǹkan kan sí i, kí eṣinṣin lè máa yé síbẹ̀, mo sì ń bu ìdin ibẹ̀ fún wọn láràárọ̀. Eṣinṣin ibẹ̀ sanra gan-an, díẹ̀ ti ń yà wọlé. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa ní òun ò tíì rí ẹni tó pa eṣinṣin tán tó tún ń sìn ín. Jọ̀ọ́, bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àwọ̀n tí n ó fi bo ààtàn náà.

Ìwọ àti ọmọkùnrin yẹn á bára yín kalẹ́. Tí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa wá, tètè sọ fún mi, kí n lè kó ààtàn náà dànù. Ebi á pa àwọn aràn, mo mọ̀. Ẹran ọ̀sìn ni wọ́n. Ìwọ ni mo bí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ