Ohun Tí Mo Sọ Nípa Oyin Ìyá Rẹ

                                        Ilé Kejì, Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Ashenwick,
                                        Suffolk.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Ẹrẹ́nà, 1968.

Avis, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ àbíkẹ́yìn yín lẹ́nu ti lọ? Bí òtútù Leeds bá rí bíi tiwa, ẹ kú ìfaradà. Ara ìyá rẹ le. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí nìyí. Méjì àkọ́kọ́ ti wọ iná.

O ti gbọ́ pé àwọn onísinimá wá ṣe eré àjẹ́ lábúlé wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Wọ́n wọ̀ wá láṣọ ayé àtijọ́, wọ́n ní ká máa lé àjẹ́ náà káàkiri pápá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Lovell, jókòó tì mí nílé ọtí. Ó ní, "Màdáámù, ṣé kò sí ohun abàmì kankan níbí ni? Gbogbo yín jọ ọmọ ìjọ jù."

Avis, ojú ń kán mi láti di ẹni tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Mo sọ fún un bí ìyá rẹ ṣe lọ sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ tí bàbá rẹ kú, tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé kan àpótí kọ̀ọ̀kan tí oyin wọn ń gbé lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì tẹ̀ ba, tí wọ́n túfọ̀ fún oyin pé Herbert ti lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé báyìí làwọn àgbà wa ń ṣe, kí oyin má baà ṣí lọ. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo fi iyọ̀ sí i bí ẹni ń sọ ìtàn àjẹ́. Inú ọ̀gá dùn, ó sì fún mi lọ́rọ̀ kan sọ nínú eré náà.

Wọ́n gbé e jáde nígboro ní Jímọ̀ tó kọjá. Èmi ni mo pe ìyá rẹ pé ká jọ lọ, èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Àjẹ́ náà wọ ọgbà, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan àpótí oyin, ó ń pe òkú lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà yọ lójú sinimá, mo na ìka, mo ní, "Òun nìyẹn. Ẹ mú un."

Percy alápatà ń bẹ lẹ́yìn wa. Ó ní, "Màmá Pettit, àṣírí yín ti tú o. Ìgbálẹ̀ lẹ máa gùn relé àbí bọ́ọ̀sì?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tá a dé ẹnu géètì wọn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Thelma, èèyàn mélòó ló wà lẹ́yìnkùlé mi lọ́jọ́ tí Herbert kú?"

Mo ní, "Àwa méjì ni, Mà."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú ni." Wọ́n bá wọlé.

Wọn ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Mo gbé àkàrà òyìnbó lọ. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọn ò ní kí n wọlé. Ẹnu àìmẹ́nu ló kó bá mi, mi ò lẹ́ni tí mo fẹ́ dá lẹ́bi.

Mo gbọ́ pé sinimá náà ń bọ̀ wá sí Leeds. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ ni wàá ti rí ìka mi. Jọ̀ọ́, wá kí ìyá rẹ nígbà Àjíǹde. Wọn ò ní ránṣẹ́ pè ọ́, o mọ̀ wọ́n. Bí o bá dé, má wulẹ̀ yà lọ́dọ̀ mi. Màá rí ọ látojú fèrèsé nígbà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ìyẹn náà tó mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀,

Thelma Garrod