Orúkọ tí o kọ sára páálí

Ṣíwọlá,

Mo ti mú Màmá Verna tá a jọ ń gbélé lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Má pè mí. Màmá ló ni ìrẹsì tó wà lórí sítóòfù, má fọwọ́ kàn án.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Màmá nígbà tí wọ́n dé Toronto láti Jàmáíkà. Ní báyìí tí wọ́n ti darúgbó, àwọn ìmígíréṣọ̀n ní àwọn ò rí orúkọ Màmá nínú ìwé, pé kí Màmá máa padà lọ sí Jàmáíkà. Lọ́yà ní òun lè bá wọn jà á, bí a bá ti lè rí ìwé àtijọ́ mú wá: káàdì ilé ìwé, rìsíìtì, ohunkóhun. Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú páálí tí o gbé fún àwọn kólẹ̀kólẹ̀ lọ́jọ́ tí omi wọ bésìmẹ́ǹtì abẹ́ ilé. Ìwọ tí o fi odindi ọdún méjì sunkún torí PR, ìwé ìgbélùú! Ìyá kan náà ló bí wa, ojú ń tì mí.

Màmá ò tíì mọ̀ o. Wọ́n ní kí n bi ọ́ níbi tí o tọ́jú ẹ̀ sí. Wọ́n ní àwọn gan-an bá ọ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, pé o tiẹ̀ fi máákà kọ orúkọ àwọn sí i lára lédè Yorùbá. PÀǸTÍ.

Bébà àti bírò rèé. Kọ bí o ṣe da ẹrù ẹlẹ́rù nù, kí o sì fọwọ́ sí i. Lọ́yà máa lò ó. Tá a bá dé, má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Kọ́kọ́ sọ ìtumọ̀ orúkọ tí o fún wọn. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni o.