Ọkọ̀ Ráàlì Wa Tó Ń Gbóná

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ìfẹ́dayọ̀,
                                        Ẹgbẹ́dá, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Bàbá Adébùnmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Rediétọ̀ ọkọ̀ wa kò jẹ́ kí n sùn. Ojú rẹ kò jẹ́ kí n sùn. Òkè Ẹ̀fọ̀n tó wà lójú ọ̀nà Èkìtì kò jẹ́ kí n sùn, bẹ́ẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn lápá òsì, bẹ́ẹ̀ ni ìró kékeré kan tí mò ń gbọ́ lábẹ́ ọkọ̀ tí ìyàwó mi ní òun kò gbọ́ rárá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bóyá mo ti géètì tàbí n kò tì í ló gba oorun lójú mi, bẹ́ẹ̀ mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, má bínú. Ṣé ara le? Adébùnmí ńkọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú ti fà báyìí? Ṣé òjò kò ba iṣu jẹ́ fún yín ní Ìkọ̀lé? Ìyàwó mi, Ìyá Tolúwalọpẹ́, ní kí n kí ọ o, kí n sì bá òun bèèrè bóyá bí mo ṣe máa ń dà ọ́ láàmú nígbà èwe wa náà nìyí.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n o kì í jẹ́ kí n sọ ìdajì ọ̀rọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo wá fi bírò tó nípọn kọ eléyìí gàdàgbà gàdàgbà, kí o lè fi ojú ara rẹ kà á. Tèmítọ́pẹ́, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ń lọ sí Ìkọ̀lé lọ́jọ́rú, òun ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Láti oṣù keje tí o ti sọ fún mi pé dókítà ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ méjèèjì ti kú, pé bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni o ṣe ń ríran báyìí, ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. O ní ohun kan ṣoṣo tí o fẹ́ ni kí ìwọ fúnra rẹ wa Pijó wa yí pápá ilé-ìwé ká lẹ́ẹ̀kan sí i kí ihò náà tó dí. Mo sì ṣèlérí pé mo máa wà á wá bá ọ. Àmọ́ ọkọ̀ tí kò lè dé Ìgàndò kó má hó, báwo ni yóò ṣe dé Èkìtì?

Jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe ń ṣe. Á gbéra ní Ẹgbẹ́dá bí ọmọlúàbí. Bí a bá ti dé Ìkòtún, abẹ́rẹ́ géèjì tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kí n tó wọ Ìgàndò, ó ti dé ojú pupa, omi á sì máa ru jáde lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọ̀hún. Nọ́ńbà tí a fi díje nínú eré ọkọ̀ ráàlì nígbà èwe wa, 27, tí o kọ̀ kí wọ́n fi ọ̀dà pa rẹ́, ṣì wà lára ilẹ̀kùn, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á sì máa pariwo bí wọ́n ṣe ń kọjá: "Bàbá, ẹ ti gba ipò kìíní o! Àwọn yòókù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn!"

Godswill, mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Ìdímù, ló kọ́kọ́ wò ó. Ó yẹ fáànù wò, fáànù ń ṣiṣẹ́. Ó wo ọ́ìlì bóyá omi ti wọ inú rẹ̀, kò wọ̀ ọ́. Ó tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, a jọ tẹjú mọ́ omi inú rediétọ̀ bóyá yóò máa yọ ìfófòó, kò yọ ọ́. Síbẹ̀ ó ní òun fura sí gáàsíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, pé àfi kí òun tú u. Mo ní, "Godswill, ẹ́ńjìnnì tí ẹnikẹ́ni ò tú láti ìgbà ráàlì?" Ó ní, "Daddy, ṣé mùsíọ́ọ̀mù lẹ fẹ́ gbé e lọ ni?" Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi rò ó.

Láàárín ìgbà yẹn ni mo kọ lẹ́tà méjì sí ọ, tí mo ní ìwọ lo ti ba ọkọ̀ jẹ́ kí o tó fà á lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ò ń padà sílé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo máa tó dé orí ọ̀rọ̀ yẹn.

Godswill fúnra rẹ̀ ló júwe Lucy fún mi nígbà tí mi ò jẹ́ kó tú ẹ́ńjìnnì, ó sì bá mi lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn ọjà Ìkòtún ni ṣọ́ọ̀bù Lucy wà. Rediétọ̀ nìkan ló ń tún ṣe, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Bó ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan rediétọ̀ wa lára, o máa rò pé ọmọ tí ibà ń ṣe ló ń yẹ̀ wò. Ó ní bí ibì kan bá tutù nígbà tí ibi yòókù gbóná, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ti dí ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gbóná dọ́gba. Nígbà tó tutù tán, ó tú u, ó dí àwọn ihò rẹ̀, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó tì í bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi. Kò jò rárá. Ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ara rediétọ̀ yín le ju tèmi lọ. Níbo wá ni omi ń gbà lọ?"

Mo ní ohun tí mo wá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ó wá sọ ohun tí mẹkáníìkì kankan kò sọ fún mi rí. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́. Ó ní kí n ṣe gbogbo ohun tí mo máa ń ṣe láràárọ̀ kí n tó jáde, òun á kàn máa wò mí. Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Mo wo ọ́ìlì, mo wo bẹ́líìtì. Mo bu omi sí rediétọ̀ dé ẹnu. Mo fún ìdérí rẹ̀ dáadáa, mo sì dá a padà díẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo dé e ni."

"Rárá, lẹ́yìn tí ẹ dé e tán."

"Mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè máa mí."

"Kó lè máa kí ni?"

Ó jókòó sórí táyà kan, ó sì pariwo pe àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì: "Ẹ wá gbọ́ o! Bàbá ní kí rediétọ̀ máa mí! Ẹ jàre, Bàbá, ẹ ò bá kúkú pọ̀n ọ́n!" Godswill rẹ́rìn-ín débi pé ó fi orí gbá bónẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn sí ìyẹn díẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Lucy rọra ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìdérí yẹn ló ń há omi mọ́ kó má bàa tètè hó. Bí mo ṣe ń dẹ̀ ẹ́, omi ń hó kíákíá, ó ń ru jáde, èyí tó bá kù kò sì tó láti mú ẹ́ńjìnnì tutù. Ìwọ tó o máa ń fún un pa, kò gbóná mọ́ ọ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ló ń dẹ̀ ẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí n kò sì mọ̀, torí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ìkángun òpópónà wa nìkan ni mo ń wà á lọ, mo sì ti ń dé ibẹ̀ kó tó gbóná.

Ìwọ náà mọ ohun tó kó mi sí i. Ní ráàlì ọdún 1981, nígbà tí bẹ́líìtì fáànù já mọ́ wa lọ́wọ́ nítòsí Ìgbárà-Òkè, tí o ní kí n yára ṣí rediétọ̀, omi gbígbóná bó mi láyà. Àpá rẹ̀ ṣì wà. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fọkàn tán ohunkóhun tí wọ́n bá fún pa. Ìgò róòbù pàápàá, n kì í dé e pa. Nítorí náà, jọ̀wọ́, fa lẹ́tà méjèèjì yẹn ya. Ìwọ kọ́ lo ba ọkọ̀ jẹ́, èmi ni.

Lucy fi ìdérí tuntun sí i torí rọ́bà ti àtijọ́ ti gbó. Ó mú mi búra lójú Godswill pé n kò ní dẹ̀ ẹ́ mọ́, n kò sì ní ṣí i nígbà tó bá gbóná. A wà á láti Ìkòtún dé Ìgàndò, a kọjá ààtàn Solous, tí gbogbo wa fọwọ́ di imú, a sì padà. Abẹ́rẹ́ géèjì kò kúrò láàárín. Mo ní àbí géèjì ló bàjẹ́. Lucy ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé." Láti ìgbà náà, mo ti lọ, mo ti bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Kò gbóná rárá!

Síbẹ̀ mo tún ń sọ pé kí n máa dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí n pààrọ̀ táyà, kí òjò kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Àná ni Adébùnmí wá pè mí. Ó ní o nawọ́ sí ife omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o ta á dànù, o sì ń ṣe bí ẹni pé o mọ̀ọ́mọ̀ ni. Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́, ó ní, "Bàbá Tolú, ọkọ̀ ti sàn. Ojú Bàbá Adébùnmí kò ní dúró dè yín o." Ni mo bá lọ wá bírò.

Torí náà, ní kí Adébùnmí gbàṣẹ pápá lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, kó sì lé gbogbo ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀. Ìwọ ni yóò wa ọkọ̀. Èmi á jókòó sọ́tùn-ún rẹ, màá sì máa pe ọ̀nà fún ọ bí mo ṣe ń pè é nígbà tí máàpù wà lórí itan mi: yà sósì, yà sọ́tùn-ún, rọra, igi wà níwájú. Máa fi ìwọ̀nba ojú tó kù fún ọ wo iwájú, èmi á bá ọ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Má sì sáré jù, mo bẹ̀ ọ́.

Bá mi kí Adébùnmí àti àwọn ọmọ rẹ̀, kí o sì kí gbogbo ará ilé. Mo kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ níbí kí n má bàa rí ọ̀nà yí i padà: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá yìí, láago mẹ́fà àárọ̀, ni mò ń gbéra ní Ẹgbẹ́dá.

                                        Èmi ni, aka-máàpù rẹ títí ayé,
                                        Ebenezer Fẹ́kọ́mi.