Ọkùnrin Tí Kò Sí Lára Pátákó

                                                  Ilé Bàbá Bọ́sẹ̀dé,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà, Ìkìrun,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                  Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kejìlá, 2024.

Gbádébọ̀ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Àkànjí, ọ̀pẹ́ mi nídìí ayò,

Mo ti da Òkukù rú! Bí o bá gbọ́ pé wọ́n ń tún pátákó ńlá kan yà ní ìkóríta Òkukù, má wulẹ̀ bi ẹnì kankan, ọ̀rẹ́ rẹ ló fà á. Mo dìde láàrin gbọ̀ngàn, mo la ẹnu, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi bó wọn.

Ó dáa, ọwọ́ kò bó ẹnì kankan. Wọn ò sì tíì tún pátákó kankan yà. Ṣùgbọ́n mo dìde, ìyẹn kì í ṣe irọ́, mo sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí orúnkún mi tó rán mi létí ọjọ́ orí mi.

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Ẹ̀yìn tó máa ń ro ọ́ bí ọyẹ́ bá ti ń mú, ṣé ó ti gbà fún ọ? Fìyìnfólúwa ọmọ wa ńkọ́, àti ọkọ rẹ̀? Dámilọ́lá ọmọ-ọmọ rẹ, ṣé ó ti ń rìn, àbí ó ṣì ń fi ìdí wọ́ bíi tìrẹ nígbà tí o bá ń lọ sílé lẹ́yìn tí mo ti pa ọ́ láyò? Àwa náà ń dúpẹ́ níbí. Ìyá Bọ́sẹ̀dé ní kí n kí ọ. Ó ní bí o bá lè sanra ní Akúrẹ́ láìjẹ ẹ̀bà ọwọ́ òun, ọ̀dàlẹ̀ ni ọ́.

Mi ò fi fóònù sọ eléyìí torí ọmọ rẹ ló máa ń gbé e, á sì gbé e síbi tí gbogbo ilé á ti máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gbogbo ilé.

Àwọn kan tó ń polongo pé kí lílu ẹnìkejì ẹni nínú ilé dópin ló ní kí àwọn ìjọ tó wà ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù fi àgbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ránṣẹ́ sí ìpàdé. Ìjọ wa mú mi. Kì í ṣe torí ọgbọ́n o. Wọ́n ní ẹnu mi ò ní jẹ́ kí àwọn èèyàn sùn. Bí mo ti dé ìkóríta Òkukù ni mo rí pátákó wọn. Wọ́n ya ọkùnrin kan tó gbé bẹ́líìtì sókè, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, obìnrin kan wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Àkànjí, irunmú ọkùnrin yẹn, irunmú mi gan-an ni! Ọlọ́kadà tó gbé mi wo pátákó, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ ya fọ́tò yìí?"

Tìbínú-tìbínú ni mo fi wọ gbọ̀ngàn. Ọmọ́jọlá ni orúkọ ẹni tó darí ìpàdé, nọ́ọ̀sì ni, kò lè ju Bọ́sẹ̀dé mi lọ. Kó tó ní ta ló ní ìbéèrè, mo ti wà lórí ìdúró. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé gbogbo ọkùnrin ni ẹkùn, gbogbo obìnrin ni àgùntàn? Ọkùnrin tí wọ́n ń lù ńkọ́? Ṣé wọn ò ráyè fún un lára pátákó yín ni?"

Kò bínú. Ó kúnlẹ̀ kí mi ná, kó tó fèsì. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Mi ò ní parọ́ fún yín. Àwọn tí à ń di ojú ọgbẹ́ fún ní ọsibítù wa, obìnrin ló pọ̀ jù, ó sì pọ̀ jìnnà. Tí mo bá ní kí wọ́n pín pátákó ní ọgbọọgba, àwọn yẹn ni mo dà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ò parọ́. Àwọn ọkùnrin kan wà. Wọn kì í wá ni."

Fúnṣọ́, tíṣà kan láti Inísà tó jókòó lẹ́yìn mi, ò jẹ́ kó mí. Ó ní, "Ọkùnrin tí ìyàwó ń lù! Kó lọ máa wọ yẹ̀rì!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀.

Ọmọ́jọlá dúró títí ẹ̀rín fi tán. Ó ní, "Ẹ gbọ́ nǹkan tó tì wọ́n mọ́lé? Ẹ̀rín yẹn ni, kì í ṣe pátákó." Ó ní òun náà ò sì fẹ́ràn obìnrin orí ìkúnlẹ̀ yẹn. Ó ní nígbà tí ìyà tó ìyá òun, kò kúnlẹ̀ fún ẹnì kankan: ó di ẹrù rẹ̀, ó pọn òun, ó fẹsẹ̀ rìn láti oko dé Ìkìrun. Fúnṣọ́ tún ní bí obìnrin bá wà lórí ìdúró, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọ́n ń lù ú? Màmá Keziah, ìyá àgbà kan, ló dá a lóhùn. "Tíṣà, gbogbo ìgbà tí wọ́n fi lù mí, orí ìdúró ni mo wà. Ta ló sọ fún ọ pé a máa ń kúnlẹ̀?"

Ọmọ́jọlá wá kọjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, àwọn tó ń ṣe pátákó yìí máa ń sọ fún mi pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ò sí ládùúgbò wa. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà sọ níwájú gbogbo èèyàn yìí pé ẹ mọ ẹyọ kan, màá ní kí wọ́n ya pátákó kejì. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n?"

Èsì tí mo fún un wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nǹkan mìíràn.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo sọ̀kalẹ̀ ní Inísà. Igi máńgòrò wa ṣì wà. Ọpọ́n ayò wa wà lọ́wọ́ télọ̀ ìdí igi yẹn, áyọ́ọ̀nù ló ń gbé lé e. Mo gbà á, mo nù ún, mo jókòó sórí àpótí mi, mo kọjú sí tìrẹ. Mo ta tèmi, mo bá ọ ta tìrẹ. Àkànjí, o pa mí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ara mi ò yá.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ tí o fi ọwọ́ òsì ta ayò. O fi aṣọ wé ọwọ́ ọ̀tún, o ní omi ìwẹ̀ gbígbóná ló dà sí ọ lọ́wọ́. Mo bi ọ́ bóyá ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń júwe ilé baba ẹni ní Inísà. Gbogbo ìdí ayò rẹ́rìn-ín, ìwọ náà bá wa rín in. Mo mọ̀ pé kì í ṣe omi ìwẹ̀. A máa ń gbọ́ ohùn Ìyá Ṣẹ́gun ìyàwó rẹ láti ìta, a sì ti rí ojú rẹ tó wú kí ọwọ́ tó kàn. Kò sẹ́ni tó bi ọ́. Nígbà tó yá, o ní o fẹ́ lọ kí Fìyìnfólúwa ní Akúrẹ́. Irú ìkíni wo ni kì í tán báyìí?

Ní àárọ̀ Sátidé, ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń gbé mi débi ọkọ̀ Inísà kí n tó rántí. Mò ń pa àwọn mìíràn láyò, kò dùn. Wọn kì í jiyàn. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń jí ọmọ ayò. Ìwọ rò pé mi ò rí ọ ni? Mo máa ń rí ọ. Mo máa ń wojú ọ̀run kí o lè ráyè.

Mi ò ní kí o padà sọ́dọ̀ Ìyá Ṣẹ́gun. Yàrá Bọ́sẹ̀dé ti ṣófo láti ìgbà tó ti lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ sì ti gbá a. Ìpàdé mìíràn ń bọ̀ ní Inísà kí Kérésìmesì tó dé. Bí o bá gbà mí láyè, màá dìde níbẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ. Bí o bá sì lè wá jókòó tì mí láìsọ nǹkan kan, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín á rí ẹnu mi lọ́jọ́ náà.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Fi ọwọ́ pa Dámilọ́lá lórí. Télọ̀ náà kí ọ.

Ó wá ku èsì tí mo fún Ọmọ́jọlá. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo fà á ya, torí mo kọ ọ́ pé orúkọ rẹ ni mò ń dáàbò bò. Kò béèrè orúkọ. Ẹ̀rín ni mo sá fún; mo rò pé wọ́n á ní ara mi ni mò ń sọ. Ó bi mí bóyá mo mọ ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ń lù. Mo ní mi ò mọ ẹnì kankan. Mo sì jókòó.

                                                  Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́ mi lọ́rẹ̀ẹ́,
                                                  Morákinyọ̀.